Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́: Ọkọ̀ Ló Ń Pààrọ̀, Kì í Ṣe Ọ̀nà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kọjá. Bí ebi bá ń pa yín, ẹ sáré lọ ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà yín, kí ẹ padà wá kà á, torí ó gùn díẹ̀.

Gbogbo SS 2 ló mọ̀ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ táámù yìí, Alágẹmọ ni wọ́n ń pè mí. Kì í ṣe pé mò ń rìn jẹ́jẹ́ o. Ẹgbẹ́ eré ìtàgé ni mo wà láti JSS 2. Táámù yìí ni mo kúrò níbẹ̀ tí mo bọ́ sínú ẹgbẹ́ oníròyìn. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣe eré ló kọ́kọ́ pè mí bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹni tó ń pa àwọ̀ dà kò ṣeé bá rìn. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ mi. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ọ̀rẹ́ mi náà kì í bá mi sọ̀rọ̀.

Nígbà tí olùkọ́ tó ń bójú tó ẹgbẹ́ wa ní kí oníkálukú mú ẹnì kan tó ti kú tipẹ́, tó sì ti gbé ìlú Ọ̀yọ́ rí, kí a kọ ìtàn ayé rẹ̀, Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ ni mo mú. Kí n má parọ́, ohun tó jẹ́ kí n mú un ni pé bí mo ṣe ń ka ìtàn rẹ̀, mo rí i pé ọkùnrin yìí wọ ẹgbẹ́, ó jáde, ó dá òmíràn sílẹ̀, ó tún bá àwọn mìíràn da ọwọ́ pọ̀. Mo ní, háà, alágẹmọ bíi tèmi rè é! Mo fẹ́ fi ìtàn rẹ̀ gbèjà ara mi. Ẹ ó rí ibi tó já sí.

Nǹkan bí ọdún 1886 ni wọ́n bí Ṣólàńkẹ́ ní Abẹ́òkúta. Ọmọ Ẹ̀gbá ni. Ọ̀yọ́ wa níbí ló wá láti kàwé ní St. Andrew's College, ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ìjọ CMS fi ń kọ́ àwọn tíṣà. Ọdún 1896 ni ilé ẹ̀kọ́ yẹn fìdí kalẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Orí ilẹ̀ rẹ̀ ni Fásitì Ajayi Crowther wà lónìí. Èmi tí mò ń ti ilé wá sí ilé ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́, iwájú géètì yẹn ni mo máa ń gbà. Ohun tí mo máa ń wò níbẹ̀ kò ju àwọn tó ń ta káàdì fóònù àti àwọn ọlọ́kadà lọ. N kò mọ̀ pé ẹni tí mo máa kọ ìtàn rẹ̀ ti rìn lórí ilẹ̀ kan náà kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi.

Láti Ọ̀yọ́, ó kọjá sí Fourah Bay College ní Sierra Leone, ilẹ̀ tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró. Ilé ẹ̀kọ́ yẹn náà ni Ajayi Crowther fúnra rẹ̀ lọ ní 1827. Nígbà tó di 1922, Ṣólàńkẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́yà, ó sì wọ University College níbẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ó ti lé ní ọmọ ọdún 35. Àgbà ni, kì í ṣe ọmọdé tó ń wá eré kiri.

Nǹkan kò rọrùn fún un ní Lọ́ńdọ̀nù. Owó kò sí. Ó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní èdè Yorùbá kí ó lè rí nǹkan jẹ. Èyí tó tún wá burú jù ni ọ̀rọ̀ ilé gbígbé. Láyé ọjọ́un, ọ̀pọ̀ onílé ní Lọ́ńdọ̀nù ni kì í gba ènìyàn dúdú sílé. Akẹ́kọ̀ọ́ á rí i nínú ìwé ìròyìn pé yàrá wà, á lọ kan ilẹ̀kùn, onílé á wo ojú rẹ̀, á ní yàrá ti tán. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ o, àwọ̀ ara rẹ̀ ni wọn ò fẹ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ilé yìí sọ́kàn, torí òun ni yóò máa tẹ̀ lé wa títí dé òpin.

Ní 1924, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àfihàn ńlá kan ní Wembley. Wọ́n kó ohun gbogbo láti àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso wá síbẹ̀. Wọ́n kọ́ àwòrán ìlú kan tó ní odi láti fi ṣe àpẹẹrẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n fi àwọn ènìyàn wa sínú rẹ̀, òyìnbó sì ń wá wò wọ́n. Àsìkò yẹn ni ìwé ìròyìn kan tó ń jẹ́ Evening News gbé e jáde pé kò tíì pẹ́ tí àwọn ará Nàìjíríà jáwọ́ nínú jíjẹ ẹran ènìyàn àti oògùn ìkà. Ṣé ẹ rí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ṣólàńkẹ́ kò lọ fọ́ fèrèsé ẹnikẹ́ni. Ó jókòó, ó mú gègé, ó kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn mìíràn tó ń jẹ́ West Africa, ó já irọ́ náà ní gbangba, ó sì jẹ́ kí wọ́n mọ ìpalára tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún àwọn ọmọ wa tó wà láàrin wọn. Ìwé ni wọ́n fi bú wọn, ìwé náà ló fi dá wọn lóhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí pé kí ni a ń fi ẹgbẹ́ oníròyìn ṣe, ohun tí a ń fi í ṣe nìyẹn.

Ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà, ó sọ̀rọ̀ ní èdè Yorùbá lórí rédíò ní Lọ́ńdọ̀nù. Òun ni ìtàn sọ pé ó kọ́kọ́ sọ Yorùbá lórí rédíò. Nígbà tó di 1926, ó tún kọ orin Yorùbá sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Mo máa ń rántí èyí tí mo bá rí àwọn kan nínú wa tí ojú ń tì láti sọ Yorùbá tó já gaara níwájú ọmọ Èkó tó wá lo ọlidé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́.

Nígbà tí Ṣólàńkẹ́ dé Lọ́ńdọ̀nù, ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ ọmọ ìran Áfíríkà, àti àwọn tó ti Áfíríkà wá àti àwọn tó ti àwọn erékùṣù bíi Jàmáíkà wá. Ó wọ ẹgbẹ́ náà. Ṣùgbọ́n àpèjẹ àti ìpàdé ìgbafẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣèlú kò jẹ wọ́n lógún tó bó ṣe jẹ ẹ́ lógún. Lákòókò kan náà, ó ń gbọ́ ìròyìn àwọn àgbà nílé. Ní 1920, àwọn lọ́yà, dókítà àti oníṣòwò láti Nàìjíríà, Gold Coast tí à ń pè ní Gánà lónìí, Sierra Leone àti Gambia ti pàdé ní Accra, wọ́n dá Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀. Casely Hayford, lọ́yà kan láti Gold Coast, ló ṣáájú wọn. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí àwọn ọmọ onílẹ̀ máa dìbò yan àwọn tí yóò ṣojú wọn nínú ìgbìmọ̀ ìjọba. Ṣólàńkẹ́ ro ó pé bí àwọn bàbá bá lè ṣe èyí nílé, ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣe irú rẹ̀ lókè òkun.

Lẹ́yìn tí ó kọ lẹ́tà yẹn sí ìwé ìròyìn ni obìnrin kan dúró tì í. Amy Ashwood Garvey ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Jàmáíkà. Òun ni ìyàwó àkọ́kọ́ Marcus Garvey, òun náà sì wà pẹ̀lú Garvey nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ ńlá wọn sílẹ̀ ní Jàmáíkà ní 1914. Ẹ̀kọ́ Garvey rọrùn láti sọ, ó ṣòro láti ṣe. Ó ní ènìyàn dúdú níbi gbogbo láyé, ìbáà jẹ́ Jàmáíkà, Amẹ́ríkà tàbí Áfíríkà, ọmọ ìyá kan ni wọ́n. Kí wọ́n gbé orí wọn sókè, kí wọ́n ní òwò tiwọn, ìwé ìròyìn tiwọn, ọkọ̀ ojú omi tiwọn, kí wọ́n sì máa ṣàkóso ara wọn. Ní oṣù Keje 1924, Ṣólàńkẹ́, Amy Ashwood Garvey àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Nàìjíríà sílẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa o. Ọmọ Jàmáíkà ló bá wọn dá ẹgbẹ́ Nàìjíríà sílẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn nílé kò tíì máa pe ara wọn ní ọmọ Nàìjíríà.

Kò ju ọdún kan àti díẹ̀ lọ tí Ṣólàńkẹ́ tún fi gbé ẹsẹ̀. Dókítà Bankole-Bright láti Sierra Leone, ọ̀kan lára àwọn àgbà Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, wá sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n má dá wà ní Nàìjíríà nìkan. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ 1925, akẹ́kọ̀ọ́ 21, lọ́yà lọ́la ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, dá Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀. WASU ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ṣólàńkẹ́ di akọ̀wé àgbà rẹ̀. J. B. Danquah tó padà di òléwájú nínú ìṣèlú Gánà wà lára wọn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn tiwọn ní 1926, Wasu ni wọ́n pe òun náà. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ẹ pè é sétí ara yín. Wàásù ni! Àwọn tó dá a sílẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì wù wọ́n bẹ́ẹ̀.

Ní 1927, Ṣólàńkẹ́ kọ ìwé kan tí ó pè ní United West Africa at the Bar of the Family of Nations. Nínú rẹ̀ ó rán àwọn tó ń kà á létí pé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ní ìjọba ńláńlá tirẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ó sì ní kí àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe ara wọn lọ́kan kí wọ́n lè bá àwọn orílẹ̀-èdè yòókù dúró. Ẹ rí bí ilé rẹ̀ ṣe ń fẹ̀ sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ọmọ Ẹ̀gbá, ó di ọmọ Nàìjíríà, ó di ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lẹ́yìn náà ó di ẹni tí ọ̀rọ̀ ènìyàn dúdú níbi gbogbo ń jẹ lógún.

Ní 1928, Marcus Garvey fúnra rẹ̀ wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìjọba Amẹ́ríkà ti lé e jáde ní òpin 1927. Ó yá àwọn WASU ní ilé kan ní West Kensington, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ ní ibùgbé tí wọ́n lè pè ní ti ẹgbẹ́. Inú wọn dùn. Ṣùgbọ́n ilé àyálò, ilé àyálò ni. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi kúrò níbẹ̀. Ìgbà náà ni Ṣólàńkẹ́ ṣe ohun tó yà mí lẹ́nu jù. Dípò kí ó tún máa wá olóore mìíràn, ó wọ ọkọ̀ ojú omi padà wá sílé ní 1929. Ọdún mẹ́ta ló fi ń lọ láti ìlú dé ìlú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó ń bá ọba, ìjòyè, oníṣòwò àti tíṣà sọ̀rọ̀, ó ń tọrọ owó ilé náà lọ́wọ́ àwọn tí ọmọ wọn yóò gbé inú rẹ̀. Ó dá ẹ̀ka WASU sílẹ̀ káàkiri. Ìgbà yẹn náà ló fẹ́ ìyàwó rẹ̀, Opéolú, ọmọ Ìjẹ̀bú, wọ́n sì jọ padà sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1932. Ní 1933, WASU ṣí ilé tirẹ̀ ní ojúlé 62 Camden Road. Ṣólàńkẹ́ ni alábòójútó ilé, ìyàwó rẹ̀ ló ń se oúnjẹ ilé wa fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí òtútù àti ìlẹ̀kùn títì ti fojú wọn rí màbo. Nínú ìtàn, orúkọ ọkọ ni a máa ń gbé lárugẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká rántí ẹni tó ń se ọbẹ̀ náà.

Ìjà dé ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọ́fíìsì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso àwọn ilẹ̀ wa ti àwọn kan lẹ́yìn láti ṣí ilé akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tí wọ́n pè ní Aggrey House. Ilé tó dára ni. Orúkọ ọmọ Gold Coast tó gbajúmọ̀, James Aggrey, ni wọ́n fi sọ ọ́. Àwọn ènìyàn dúdú kan, títí kan Dókítà Harold Moody ọmọ Jàmáíkà tó ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, rí i pé kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣólàńkẹ́ kọ̀ jálẹ̀. Èrò tirẹ̀ ni pé ẹni tó ni ilé ló ni kọ́kọ́rọ́, ẹni tó sì ni kọ́kọ́rọ́ ni yóò mọ ẹni tó wọlé, ẹni tó jáde, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lálẹ́. Ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ má lọ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà pín WASU alára sí méjì, àwọn kan bínú lọ. Nínú ìjà yẹn, àwọn tó ràn án lọ́wọ́ ni ẹgbẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Brussels ní 1927 láti dojú kọ ìjọba amúnisìn. Àwọn Kọ́múníìsì ló pọ̀ níbẹ̀, òyìnbó sì wà nínú wọn. Ṣólàńkẹ́ kì í ṣe Kọ́múníìsì, ṣùgbọ́n ó bá wọn rìn dé ibi tí ọ̀nà wọn ti papọ̀. Nígbà tó yá, WASU náà gba ìrànlọ́wọ́ owó lọ́wọ́ ìjọba fún ilé tiwọn. Àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ lè fi èyí mú un. Èmi rò pé ohun tó ń jà fún kò tíì kúrò níbẹ̀, torí kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ní 1938, wọ́n kó lọ sí ilé mìíràn tó tóbi ní South Villas, ní Camden Square.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó tún di ọ̀rẹ́ àwọn ará Lébọ̀ nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kẹjọ 1941, Churchill àti Roosevelt ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìwé kan tó sọ pé gbogbo ènìyàn ló lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ìjọba tí yóò ṣàkóso wọn. Attlee, olórí ẹgbẹ́ Lébọ̀ tó wà nínú ìjọba ogun náà, wá bá àwọn WASU sọ̀rọ̀, ó sì jẹ́ kó yé wọn pé ó kan àwọn ènìyàn dúdú pẹ̀lú. Oṣù tó tẹ̀ lé e, Churchill ní ọ̀rọ̀ àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tí Jámánì gbà lòun ń sọ. WASU kò fọwọ́ lẹ́rán. Ní 1942, wọ́n kọ̀wé sí ìjọba pé kí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkóso ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ó sì gba òmìnira pátápátá láàrin ọdún márùn-ún tí ogun bá parí. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ òyìnbó rò pé ó máa gba ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ní 1944, ó tún gbéra wá sílé láti wá owó. Kò padà sí Lọ́ńdọ̀nù títí di 1948. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Kwame Nkrumah dé láti Amẹ́ríkà ní 1945, tó di igbákejì ààrẹ WASU. Nígbà tí Ṣólàńkẹ́ padà dé, ilé ti yí padà. Àwọn ọ̀dọ́ ti gba ẹgbẹ́, ẹ̀kọ́ Marx ló wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n sì rí bàbá tó dá a sílẹ̀ bí ẹni ayé àtijọ́. Aáwọ̀ wọn pọ̀ débi pé ó kúrò nínú ẹgbẹ́ tí ó fi ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kọ́. Ó ṣí ilé akẹ́kọ̀ọ́ kékeré tirẹ̀, ó ń bá a lọ. Lọ́ńdọ̀nù ló kú sí ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án 1958. Ó rí òmìnira Gánà ní 1957. Ti Nàìjíríà ku ọdún méjì àti oṣù kan péré.

Ibi tí mo kọ ọ́ dé nìyí nígbà tí ọlidé àárín táámù dé, mo sì lọ kí bàbá àgbà mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọkọ̀ tí mo wọ̀ ní gáréèjì Ọ̀yọ́ kò tíì dé Odò Ọbà tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín. Dírẹ́bà bomi sí i títí, kò gbọ́. Ó dá díẹ̀ padà nínú owó wa, a dúró nínú oòrùn, a sì wọ ọkọ̀ mìíràn tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó dé ilé.

Bàbá àgbà mi ti ṣe dírẹ́bà rí. Tamale ní Gánà ni wọ́n bí wọn sí, torí ibẹ̀ ni àwọn òbí wọn ti ń ṣòwò, bí ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ ayé ìgbà yẹn. Mo ka ohun tí mo kọ fún wọn. Wọn ò sọ nǹkan kan, àfi ìgbà tí mo dé ibi tí Ṣólàńkẹ́ ti ń wí pé ọ̀kan ni Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n ní kí n dúró. Wọ́n bi mí pé níbo ni ọ̀kan yẹn wà ní 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n fi kúrò ní Gánà. Ọmọ ọdún 14 ni wọ́n nígbà náà. Dúdú ló lé dúdú. Ìyá wọn fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ pẹ̀lú ọjà inú rẹ̀.

N kò rí èsì fọ̀. Mo fẹ́ pa ìwé mi dé. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ Dagomba kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn ló bá ìyá wọn tọ́jú ẹ̀rọ ìránṣọ, ọdún kejì ló fi í rán ẹnì kan sí wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò gba kọ́bọ̀. Wọ́n tún ní, nígbà tó di 1983, ìjọba tiwa náà lé àwọn ará Gánà, àwọn tí wọ́n ti di dírẹ́bà sì kó wọn lọ sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Obìnrin kan nínú ọkọ̀ ń sunkún, wọn ò lè wo ojú rẹ̀ nínú dígí, torí ẹkún ìyá wọn ni wọ́n ń gbọ́. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣẹ́ ọkùnrin náà kò tíì parí. Mo ti kọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo sọ ọ̀rọ̀ Alágẹmọ fún wọn, mo ní ṣé wọ́n rí i pé Ṣólàńkẹ́ náà kò dúró sójú kan. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi mí pé nígbà tí ọkọ̀ wa bàjẹ́ lọ́nà, ṣé mo yí padà pé n kò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́? Mo ní rárá. Wọ́n ní ẹni tó bá mọ ibi tó ń lọ lè wọ ọkọ̀ mẹ́rin, kò sí ẹni tó máa pè é ní aláìmọ̀nà. Mo yọ̀. Mo rò pé mo ti jàre. Àfi bí wọ́n ṣe bi mí pé ìwọ ńkọ́, níbo lò ń lọ nígbà tí o kúrò nínú ẹgbẹ́ eré?

Oorun ò kun mi lójú dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, òótọ́ ọ̀rọ̀ rè é. Kì í ṣe ìfẹ́ ìròyìn ló kọ́kọ́ mú mi kúrò. Ipò ọba nínú eré ìparí ọdún ni mo ń retí, ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n fún. Èmi ni wọ́n ní kí n ṣe ìránṣẹ́ ààfin, ẹni tó ní gbólóhùn méjì péré. Inú bí mi, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo kàn dẹ́kun lílọ. Nígbà tí Ṣólàńkẹ́ ń kúrò níbì kan, ó máa ń kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, ó máa ń sọ ọ́ ní gbangba, ohun kan náà ló sì ń wá láti ẹgbẹ́ dé ẹgbẹ́: kí ilé ènìyàn dúdú ní kọ́kọ́rọ́, kí kọ́kọ́rọ́ náà wà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé inú rẹ̀. Kódà nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ gba ẹgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ilé ló tún lọ ṣí. Ọ̀nà kan náà ni. Èmi ò ní ọ̀nà kankan lọ́kàn ní tèmi. Mo kàn sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ torí pé wọn ò jẹ́ kí n jókòó níwájú.

Nítorí náà, ọ̀rẹ́ mi, bí o bá ń ka èyí, orúkọ tí o sọ mí bá mi mu lọ́jọ́ yẹn. Má bínú. N kò ní kúrò nínú ẹgbẹ́ oníròyìn, torí ní báyìí mo ti fẹ́ràn rẹ̀ ní tòótọ́, mo sì mọ ohun tí mo fẹ́ fi í ṣe. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé ẹ kò tíì rí ẹni tó máa ṣe ìránṣẹ́ ààfin. Gbólóhùn méjèèjì ṣì wà lórí mi. Bí ẹ bá gbà mí, màá wá sí ìgbáradì ní Ọjọ́bọ̀ tí a bá ti jáde ní kíláàsì, màá sì dúró lẹ́yìn rẹ bí ìránṣẹ́ ṣe ń dúró lẹ́yìn ọba.

Ẹni tó bá ní àtúnṣe sí ìtàn yìí, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó fi sínú àpótí wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn láíbìrì.